Àwọn Tó Ń So Okùn Gíláàsì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọwọ́ ènìyàn ṣe lè rọ̀ tó, kó lọ wo àwọn tó ń so okùn fáíbà, okùn gíláàsì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á bó ọ̀rá ara okùn náà, wọ́n á fi sípíríìtì nù ún, wọ́n á gé e kó gún régé, wọ́n á wá tẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ. Iná á tàn yẹ̀rì, gíláàsì méjì á yọ́ di ọ̀kan. Gíláàsì ọ̀hún kò nípọn ju 0.125 mìlímítà lọ. Eruku bíńtín ti tó láti bà á jẹ́.

Okùn kan lè pín sí ilé 32 tàbí 64, gíláàsì lásán ló sì ń pín ìmọ́lẹ̀ náà: kò sí NEPA, kò sí jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀. Èyí wù mí púpọ̀ nílẹ̀ wa. Àmọ́ 20 kìlómítà ni irú ètò okùn bẹ́ẹ̀ tó wọ́pọ̀ sábà ń dé, láti Ìlọrin sí ìlú Òjòkú sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú tuntun tó lè rin 100 kìlómítà ni mo ń fẹ́ fún wa, kí ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ náà láti Ìlọrin lè bọ́ Ọ̀fà àti Òjòkú pọ̀. Bí ọ̀nà ṣe ń gùn ni oríkèé tí wọ́n ń so ń pọ̀, oríkèé kọ̀ọ̀kan ló sì ń jẹ díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Ọwọ́ tó mọ́ ló lè gbà á là.

Bí katakata tó ń la ọ̀nà bá gé okùn, àwọn tó ń so okùn yìí náà ló ń padà sínú kòtò, tí wọ́n ń so ó ní àwọ̀ sí àwọ̀, búlúù mọ́ búlúù.