Lefiátánì Kì í Ṣe Orogún Ọlọ́run

Ní Ìjànikin àti agbègbè Ọ̀jọ́ tó sún mọ́ ọ̀sà, a máa ń gbọ́ ìwàásù lórí “ẹ̀mí Lefiátánì” níbi ìsìn ìtúsílẹ̀. Aísáyà 27:1 ni wọ́n sábà ń kà: Olúwa yóò fi idà pa ejò inú òkun. Òótọ́ ni, ẹranko náà dúró fún ibi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Sáàmù 104:26 ní Ọlọ́run ló dá a kó máa ṣeré nínú òkun. Ní Jóòbù 41, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn agbára rẹ̀. Ìwàásù tó fo ibi méjì yìí ti sọ ẹ̀dá di orogún Ẹlẹ́dàá. Kò sí èyí tó sọ pé ó ń gbé inú ènìyàn. Nítorí náà, kí a tó lẹ orúkọ yìí mọ́ obìnrin tó ń wojú Olúwa fún ọmọ, ẹ jẹ́ ká ka ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.