Ìlú Ọba Tó Di Abúlé

Ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní gúúsù Íńdíà, abúlé kan wà tí oko ìrẹsì yí ká, Gangaikonda Cholapuram lorúkọ rẹ̀. Fún nǹkan bí 250 ọdún, ibẹ̀ ni àwọn ọba Chola jókòó sí tí wọ́n ń pàṣẹ. Ọba Rajendra Kìíní ló tẹ̀ ẹ́ dó lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jagun dé odò Ganges, tí wọ́n sì ru omi odò náà bọ̀ wálé. Tẹ́ḿpìlì tó kọ́ fún òrìṣà Shiva, ní nǹkan bí ọdún 1035, ṣì wà níbẹ̀.

Òkúta akọ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Rajaraja, bàbá ọba, ti kọ́ tirẹ̀ sí ìlú Thanjavur ní 1010. Ti bàbá ga ju ti ọmọ lọ, ó sì lọ sókè ṣánṣán. Ti ọmọ, tó ga tó nǹkan bí mítà 55, rọra ń súnkì bó ti ń lọ sókè, bí akèrègbè tó ń súnmọ́ ọrùn. Agbára hàn lára ti bàbá. Ẹwà ló pọ̀ jù lára ti ọmọ.

Àwọn ère tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri ni ká fara balẹ̀ wò. Nítòsí ẹnu ọ̀nà àríwá, Shiva jókòó, Parvati aya rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Chandesvara, olùfọkànsìn rẹ̀, tẹrí ba níwájú wọn, ó pa ọwọ́ pọ̀, òrìṣà sì ń fi òdòdó wé e lórí. Àwọn onímọ̀ kan ní ọba fúnra rẹ̀ náà ni wọ́n ń fi ère yìí sọ, pé ọ̀run ló dé e ládé.

Lóde, ère akọ màlúù ńlá kan dọ̀bálẹ̀, ó kọjú sí yàrá òrìṣà. Nínú yàrá náà ni lingam wà, òkúta mímọ́ Shiva, tó ga tó mítà 4. Lọ́dọọdún, nígbà òṣùpá àrànmọ́jú kan láàárín oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, wọ́n máa ń fi ìrẹsì sísè bò ó, wọ́n á sì pín in fún àwọn èrò.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n ààfin Rajendra kò rí ẹni tún un kọ́: ìpìlẹ̀ bíríkì rẹ̀ nìkan ni àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde ní Maligaimedu, nítòsí ibẹ̀. Ní 1836, wọ́n wó lára odi tẹ́ḿpìlì pàápàá, wọ́n kó òkúta rẹ̀ lọ fi sé odò Kollidam. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀. Àjọ UNESCO fi tẹ́ḿpìlì náà kún ogún àgbáyé ní 2004.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó tètè lọ láàárọ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń wọlé, òkúta a sì máa jóni lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án.