Ọwọ́ Lábẹ́ Ọkọ̀, Ẹsẹ̀ Lórí Bíréèkì

Bí wọ́n bá ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, èrò a máa pé jọ wò ó. Èmi o, ibi tí mẹkáníìkì ti ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì ni mo fẹ́ràn láti dúró sí.

Òróró bíréèkì kò ṣeé fún pọ̀. Bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì níhìn-ín, òróró yóò ti páàdì mọ́ díìsìkì lọ́hùn-ún. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ ṣeé fún pọ̀. Bó bá ti ráyè wọnú páìpù, òun ni yóò máa gba agbára ẹsẹ̀ jẹ, bíréèkì á sì máa rì bí ẹni tẹ tìmùtìmù.

Nínú ọgbà ilé kan n'Íbàdàn, ọkọ̀ Sienna kan wà lórí ìdúró irin, ọmọ onílé jókòó sáyè dírẹ́bà. Ẹ̀yìn ọ̀tún ni mẹkáníìkì ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló jìnnà jù sí mástà tó ń ti òróró. Ó kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdọ̀tí ara nọ́ọ̀tì kékeré tó ní ihò láàárín. Ẹnu sípánà tó rí roboto ló fi dì í mú, kí etí nọ́ọ̀tì má baà jẹ. Ó ki rọ́bà tó mọ́ gaara bọ̀ ọ́ lórí, ó ri ìdí rọ́bà náà sínú òróró díẹ̀ nínú ike.

“Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́. Dì í mú!”

“Mo ti dì í mú, bọ̀ọ̀dá!”

Ó yí sípánà díẹ̀ báyìí. Òróró dúdú tú jáde, ó ń hó nínú rọ́bà. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kanlẹ̀; kó tó gbé e, nọ́ọ̀tì ti padé. Ibi tí iṣẹ́ náà wà gan-an nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ bá gbéra nígbà tí nọ́ọ̀tì ṣì là sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á tún fà wọlé. Mẹkáníìkì kò rí ẹsẹ̀, ọmọ kò rí ọwọ́. Ohùn nìkan ló so wọ́n pọ̀.

Láàárín táyà kan sí èkejì, ó ń dìde lọ bu òróró DOT 3 kún ike orí mástà, torí bí ìyẹn bá gbẹ, wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó tú jáde, kò dá a padà. (Mo ti rí àwọn tó ń dá a padà, ọ̀bùn ni wọ́n.) Òróró náà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra: tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́ tán, ó lè hó ní nǹkan bí 140. Ibi tí ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí bíréèkì ń gbóná, kì í ṣe ibi tó yẹ kéèyàn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òróró tó ta sára ọ̀dà ọkọ̀, kíá ló da omi sí i.

Nígbà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin parí, ó wọlé fúnra rẹ̀, ó tẹ bíréèkì. Ó le gbagidi. Ó wá tan ẹ́ńjìnnì, bíréèkì sì wálẹ̀ díẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé afẹ́fẹ́ ṣì kù níbẹ̀ ni?”

“Rárá o. Bọ́sítà ló ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ yẹn. Lọ bá mi ṣí géètì.”