Orí Àwọn Ọmọ Ogun Tí Saint-Gaudens Fi POP Ṣe

Nínú gbogbo iṣẹ́ Augustus Saint-Gaudens, oníṣẹ́ ère Amẹ́ríkà, orí àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó fi POP (plaster of Paris) ṣe ni mo fẹ́ràn jù. Cornish ni wọ́n kó wọn sí, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, níbi tó gbé ṣiṣẹ́ títí ó fi kú.

Ó fi wọ́n múra sílẹ̀ fún ère ìrántí Robert Gould Shaw àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó ṣe olórí wọn, Massachusetts kẹrìnléláàádọ́ta, tó kọlu Fort Wagner nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, ní 1863. Shaw nìkan ló kọ́kọ́ fẹ́ gbé sórí ẹṣin; àwọn ẹbí Shaw ló ní rárá. Bí àwọn ọmọ ogun ṣe wọ inú iṣẹ́ náà nìyẹn. Ó wá àwọn ọkùnrin dúdú tó jókòó fún un, ó sì mọ orí bíi 40. Ó di 1897 kí wọ́n tó ṣí ère idẹ náà ní Boston.

Ẹni tí kì í bá ṣe oníṣẹ́ ère lè má mọ ìdí tí POP fi ṣe iyebíye lójú wa. Amọ̀ la fi ń mọ ojú. A ó da POP bo amọ̀ náà, ìpele àkọ́kọ́ la sì máa ń fi búlù ìfọṣọ pa láró díẹ̀. Bó bá ti gan, a ó gbẹ́ amọ̀ jáde; amọ̀ bàjẹ́ nìyẹn. A ó fi ọṣẹ pa inú ihò tó kù, a ó da POP tuntun sí i, a ó wá máa fi ṣísẹ́ẹ̀lì ṣí èèpo ìta díẹ̀díẹ̀. Bí búlù bá ti yọjú, ọwọ́ gbọ́dọ̀ rọ̀, torí ojú ènìyàn ti dé. Gbogbo ibi tí àtàńpàkò ti tẹ amọ̀ ló ń hàn níbẹ̀. Idẹ ti la iná kọjá ní tirẹ̀, wọ́n ti fá ara rẹ̀, wọ́n ti dán an.

Ọwọ́ oníṣẹ́ a máa fẹ́ ṣe ojú kan náà fún gbogbo ènìyàn, pàápàá etí: etí kan tó bá ti mọ̀ ọ́n mọ, òun ni yóò máa lẹ̀ mọ́ gbogbo orí. Saint-Gaudens kò gbà fún ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ń ya aláwọ̀ dúdú bí ẹni ẹ̀sín, ó wo ọkùnrin kọ̀ọ̀kan lójú, ó mọ imú tirẹ̀ fún un, ó mọ àgbọ̀n tirẹ̀ fún un. Ó sọ̀rọ̀ nípa wọn nínú ìwé ìrántí rẹ̀ lọ́nà tó dùn mí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣe dáadáa ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn 1897 pàápàá, kò fi POP ère ńlá náà sílẹ̀. Ó tún un ṣe, ó sì fi í hàn ní Paris ní 1900. Ní National Gallery of Art, ní Washington, ló wà báyìí. Ẹ bá mi sún mọ́ ọn bí ẹ bá débẹ̀, kí ẹ wo ojú àwọn tí ẹṣin Shaw fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán.