Ẹ Ronú, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Yàtọ̀!

Eré Hubert Ògúndé tó ń jẹ́ Yorùbá Ronú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, àmọ́ orí WhatsApp ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ kan tí mo wà lórí WhatsApp, ẹnì kan fi àkọlé eré náà bú àwọn tí kò dìbò bíi tiẹ̀: "Yorùbá, ẹ ronú o!" Ọ̀dọ́kùnrin kan dáhùn pé òun ti ronú, ibi tí ìrònú òun gbé òun dé ló yàtọ̀. Ó ní eré náà gan-an kò ṣe ẹ̀tọ́ fún Akíntọ́lá. Háà! Wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀, wọ́n pè é ní ọmọ àlè. Kó tó di alẹ́, alábòójútó ti yọ ọ́ kúrò. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo ka gbogbo ẹ̀, mo sì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí ìtàn. Lọ́dún 1964, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin ní kí Ògúndé wá ṣeré níbi ìfilọ́lẹ̀ wọn ní Ìbàdàn. Ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀ ló gbé kalẹ̀. Ta ni kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n. Akíntọ́lá, tó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ló wà lórí àga Pírẹ́míà. Akíntọ́lá dìde, ó jáde. Láìpẹ́, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de Ògúndé àtàwọn òṣèré rẹ̀. Ọdún 1966 ni Fájuyì, gómìnà ológun, tó mú òfin náà kúrò.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé Akíntọ́lá kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu ẹ̀. Lọ́yà ni, ó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service rí, gbogbo ayé ló sì mọ bí Yorùbá ṣe dùn lẹ́nu ẹ̀ tó. Ó lè dáhùn. Ó sì ní ohun tó lè fi dáhùn, torí ẹjọ́ ẹnì kan ni eré yẹn rò. Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Dípò kó rò tiẹ̀, òfin ló gbá mú. Kí ló rí níbẹ̀? Ògúndé tún gbé eré mìíràn jáde, ó pè é ní Òtítọ́ Korò.

Ẹ ò rí i pé ohun tí ọmọ yẹn sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀? Ká ní inú kíláàsì mi ló ti sọ ọ́ ni, máàkì ni ǹ bá fún un.

Ẹ lè ní ìjọba yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ WhatsApp. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ náà. Kò sì burú ká yọ ẹni tó ń bú èèyàn tàbí tó ń lu jìbìtì. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò bú ẹnikẹ́ni. Àwa la bú u, tá a tún lé e.

Ẹni tó bá ní kí n ronú, ó yẹ kó ti mọ̀ pé mo lè ronú débi tí kò fẹ́. Bí kò bá lè gba ìyẹn, kó kúkú sọ pé "ẹ ṣe bí mo ṣe wí", kó fi Ògúndé sílẹ̀.

Mo ti pe ọmọ náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí ìdákẹ́jẹ́ mi. Mo sì ti kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ náà pé kí wọ́n dá a padà. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Bí wọ́n bá yọ èmi náà, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́.