Ẹ̀gún 612: Ẹ̀bi àti Oore-ọ̀fẹ́ nínú Ìtàn Civil War

Àwọn kan nínú ẹ̀yin olùkàwé wa lè bi wá pé kí ló pa ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run pọ̀ mọ́ ìwé ìtàn aláwòrán tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kọ́míìkì. Ìdáhùn wa kò gùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó níwájú wa ní ọjọ́ Ìsinmi ti mọ àwọn ìtàn wọ̀nyí kí àwa tó mọ̀ wọ́n, ohun tí wọ́n sì ń kọ́ nínú wọn nípa ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdáríjì kò kéré. Olùṣọ́ àgùntàn gbọ́dọ̀ mọ koríko tí agbo rẹ̀ ń jẹ.

Civil War ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ilé-iṣẹ́ Marvel ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín 2006 sí 2007. Mark Millar ló kọ ọ́, Steve McNiven ló ya àwòrán rẹ̀, ìwé méje sì ni ìtàn gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n ó ya ẹ̀ka wọ inú ọ̀pọ̀ ìwé mìíràn tí ilé-iṣẹ́ náà ń tẹ̀, débi pé ẹni tó bá ka méje yẹn nìkan kò tíì gbọ́ ìtàn náà tán.

Àwọn ọ̀dọ́ akọni kan tó ń ṣe ètò fún tẹlifíṣọ̀n lọ ká àwọn ọ̀daràn mọ́lé ní Stamford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀daràn náà bú gbàù nítòsí ilé-ẹ̀kọ́. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta ènìyàn tó kú, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Ìjọba wá ṣòfin pé gbogbo akọni gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ àṣẹ. Tony Stark, ẹni tí í ṣe Iron Man, fara mọ́ òfin náà; Steve Rogers, Captain America, kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rẹ́ di ọ̀tá.

Ó rọrùn láti ka èyí bí àríyànjiyàn láàárín Róòmù 13 àti Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5, bóyá kí a gbọ́ ti ìjọba tàbí kí a gbọ́ ti ẹ̀rí ọkàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń kà á. Lójú tiwa, ibòmíràn ni ọgbẹ́ ìtàn náà wà: ta ni yóò ru ẹ̀bi Stamford?

Ìwé gbòǹgbò kò dá wa lóhùn dáadáa. Ó mú Miriam Sharpe wá, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, tó tutọ́ sí Stark lára níbi ìsìnkú. Omijé rẹ̀ ló ti òfin náà síwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí, ìyá yìí kan náà ló wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Stark. Òǹkọ̀wé lo ọ̀fọ̀ rẹ̀ tán, ó sì gbàgbé rẹ̀. Ibi tí ìwé náà ti dára jù lọ ni ìgbà tí àwọn ará ìlú lásán di Captain America mú, tó bojú wo ohun tí ìjà wọn ti bàjẹ́, tó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Inú ẹ̀ka kan ni ìdáhùn tó jinlẹ̀ wà. Nínú Front Line, ìwé mọ́kànlá tí Paul Jenkins kọ, a bá Robbie Baldwin pàdé, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó lọ sí Stamford tí kò kú. Wọ́n tì í mọ́lé, gbogbo ayé sì kórìíra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní òun kò jẹ̀bi. Nígbà tó wá gba ẹ̀bi náà, ó ní kí wọ́n dá aṣọ kan fún òun tí ẹ̀gún 612 wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún òkú kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wọ̀ ọ́ mọ́ ara. Ó pa orúkọ rẹ̀ dà sí Penance.

Robbie mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé: ẹ̀jẹ̀ ń ké láti inú ilẹ̀ wá, bí Jẹ́nẹ́sísì 4 ti fi hàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ló fẹ́ fi san gbèsè náà. Kò sí ọmọ kan tí ẹ̀gún 612 yẹn jí dìde, kò sì sí ìyá kan tí wọ́n nu omijé rẹ̀ nù. Ẹnìkan ti dé adé ẹ̀gún nítorí wa. Hébérù 10 kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹbọ mìíràn.

A kò sọ èyí bí ẹni tó mọ́. Nínú ìjọ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wa ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì takìtì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú. Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, ó tún un gbà, ó ń sùn sórí ilẹ̀ lásán. Àwa pásítọ̀ rẹ̀ ń yìn ín fún ìtara. Ìyá ìjọ kan ló bi í ní ọjọ́ kan pé, “Ọmọ mi, ṣé o ti dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí olóògbé?” Kò tíì dé ibẹ̀, àwa náà kò sì bi í rí. A bá a lọ. Bàbá olóògbé dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Níkẹyìn, ó ní kí wọ́n bu omi fún wa.

Òótọ́ ni pé oore-ọ̀fẹ́ kì í ṣe owó tí a san, ṣùgbọ́n Sákéù tó rí i gbà kò jókòó sílé.

Front Line ní àléébù tirẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn méjì inú rẹ̀ rí i dájú pé Stark fi ẹ̀tàn dá rògbòdìyàn sílẹ̀, wọ́n sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ nítorí ire orílẹ̀-èdè. Ìwé náà fẹ́ kí a yìn wọ́n. Nátánì kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí Dáfídì. Ìwé ẹ̀ka mìíràn, The Confession, tí Brian Michael Bendis kọ tí Alex Maleev yàwòrán rẹ̀, fi èso irú ìbòmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ hàn: Stark jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n òkú Captain America ló jẹ́wọ́ fún. Mátíù 5 ní kí a tètè lọ bá arákùnrin wa.

Fíìmù tí wọ́n ṣe ní 2016 lórí ìtàn yìí gbé ìjàǹbá kan wá sí Èkó. Nínú ìròyìn inú fíìmù náà, wọ́n ka iye ará Wakanda tó kú níbẹ̀, mọ́kànlá. Wọn kò ka ti ará Èkó. Ìyá tó wá bá Stark wí nínú fíìmù, Sokovia ni ọmọ tirẹ̀ kú sí.

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn pásítọ̀ ni pé kí wọ́n má ṣe já ìwé yìí gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ ka ti Robbie pọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n jẹ́jẹ́ bóyá wọ́n ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ta ni wọ́n yẹ kí wọ́n lọ rí. Bí ẹsẹ̀ wọn bá ń wúwo, ẹ bá wọn lọ.