Ẹkún Tí Kò Ní Ọ̀rọ̀: Eddie Hazel àti Gìtá Rẹ̀

Ẹni tó bá gbé páálí àwo orin Standing on the Verge of Getting It On lọ́wọ́, èyí tí ẹgbẹ́ Funkadelic gbé jáde ní ọdún 1974, tí ó sì fara balẹ̀ ka orúkọ àwọn tó ṣẹ̀dá orin inú rẹ̀, yóò bá orúkọ obìnrin kan pàdé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, àti nígbà púpọ̀ sí i: Grace Cook. Bí ó bá wá obìnrin yìí kiri láàárín àwọn akọrin àti àwọn onílù, kò ní í rí i, nítorí pé kò kọrin níbẹ̀, kò lùlù, kò sì fọwọ́ kan gìtá kankan. Ìyá ni í ṣe fún Eddie Hazel, atagìtá ẹgbẹ́ náà, ọmọ rẹ̀ ló sì fi orúkọ ìyá bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ọmọdé ti í fi ìró ìyá rẹ̀ bojú nígbà tí àlejò bá wọlé.

Láti ẹ̀yìn ìró yìí ni mo fẹ́ kí a ti wo ọkùnrin náà. Bí àwọn olùfẹ́ orin rọ́ọ̀kì bá ń ka orúkọ àwọn ọ̀gá gìtá, Jimi Hendrix ni wọ́n í fi bẹ̀rẹ̀, wọn a sì sáré kọjá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ rántí Hazel, orin kan ṣoṣo ni wọ́n fi í rántí rẹ̀, orin ìṣẹ́jú 10 tí wọ́n ti fi ìtàn wé títí ìtàn náà fi tóbi ju orin lọ. Orin náà tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní Brooklyn, ní ìlú New York, ni wọ́n bí i ní ọjọ́ 10 oṣù Igbe ọdún 1950. Ìyá rẹ̀, tó ń bẹ̀rù kí oògùn líle àti ìwà ipá àdúgbò má ba ọmọ náà jẹ́, kó wọn lọ sí Plainfield ní New Jersey, níbi tó rò pé ilẹ̀ tutù díẹ̀. Gìtá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi ṣe ẹ̀bùn Kérésìmesì fún un ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Plainfield yìí kan náà ni George Clinton ti ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe irun fún àwọn ọkùnrin, níbi tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, The Parliaments, ti ń fi orin dá ara wọn lára yá. Ọmọ kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Billy Nelson, ló mú ọ̀rọ̀ Hazel ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ọdún 1967 ni, ọmọ náà jẹ́ ẹni ọdún 17, ìyá rẹ̀ sì fàáké kọ́rí pé ọmọ òun kò ní í bá ẹgbẹ́ olórin kankan rin ìrìn àjò. Clinton àti Nelson ní láti bẹ̀ ẹ́ kí ó tó gbà. Mo máa ń rò ó pé ká ní obìnrin náà kò yí ọkàn padà ni, kí ni à bá máa gbọ́ lónìí? Orin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà gbé jáde ní ọdún 1969, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń jẹ́ Funkadelic, Music for My Mother ni wọ́n pè é.

Ọdún 1971 ni Maggot Brain, orin ìṣẹ́jú 10 náà, jáde. Clinton fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn rẹ̀: ó ní òun sọ fún Hazel kí ó ta gìtá bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túfọ̀ ìyá rẹ̀ fún. Gbogbo ayé ló mọ ìtàn yìí, òun náà ni kò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ orin náà dáadáa, nítorí pé wọ́n ti gbà pé ẹkún òkú ni, wọ́n sì ti ń sunkún kí okùn gìtá tó dún. Clinton ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ohùn rẹ̀ wúwo bíi ti ẹni tó ń pe nǹkan jáde láti abẹ́ ilẹ̀. Gìtá kan sì ń bẹ lẹ́yìn tó ń ta ohùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́ra-lọ́ra, tó ń yí po láìyí padà, bí ẹni tó ń fi ìka ka ìlẹ̀kẹ̀. Orí ẹní jẹ́jẹ́ yìí ni Hazel bọ́ sí. Ó tẹ okùn kan, ó fà á títí ohùn rẹ̀ fi gòkè tó gbọ̀n, ó dúró. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì gba ohùn náà, ó dá a padà fún un, tó fi jẹ́ pé ara rẹ̀ ni ọmọ náà ń dá lóhùn nínú yàrá tó ṣófo. Ṣíṣófo tí yàrá náà ṣófo kì í ṣe èèṣì: àwọn onílù àti àwọn yòókù bá a ṣe orin náà, ṣùgbọ́n nígbà tí Clinton ń to ohùn pọ̀, ó yí tiwọn wálẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Bí a bá fi iṣẹ́ náà yin Hazel, ó yẹ kí a fi ìpín kan fún ẹni tó mọ̀ pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í gbọ́ ìlù.

Àwa tí ìlú wa ní dùndún ní ewu tiwa níhìn-ín. Ó yá wa lára láti sọ pé gìtá náà ń sọ̀rọ̀. Dùndún ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Bí ó bá ki ènìyàn, ẹni tí a kì yóò mọ ọ̀rọ̀ tí a sọ. Gìtá Hazel kò sọ nǹkan kan. Ó wà ní ipò tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu, tí ẹni náà kàn ń ṣe “ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n”, tó ń fa imú, tó tún ké. Kì í ṣe ìrèmọ̀jé pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ọdẹ kì í sun ìrèmọ̀jé fún alààyè, ìyá Hazel sì wà láàyè nígbà tí ó ń ta okùn yẹn. Ẹkún àsunṣáájú ni: ẹ̀rù ni ó ń bà á. Ìdí nìyí tí gìtá náà fi ń sáré níbì kan bí ọmọ tó ń lé ọkọ̀ tí ìyá rẹ̀ wọ̀, tí ó sì tún ń rọ̀ níbòmíràn bí ẹni tó ronú pé bóyá irọ́ ni. Síbẹ̀, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran; nínú gbogbo ariwo náà kò sí ìgbà kan tí ìka rẹ̀ ṣìnà.

Nínú àwo tí orin yìí wà, Super Stupid náà wà, tí ó fi ohùn ara rẹ̀ kọ, tí gìtá rẹ̀ sì ń ya bí aṣọ tí wọ́n fà ya ní ọjà. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn yóò mọ̀ pé ẹlẹ́kún nìkan kọ́ ni. Èmi fúnra mi, bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, n kò ní í mú Maggot Brain. Good Thoughts, Bad Thoughts ni n óò mú, èyí tó parí àwo ọdún 1974 tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 12 ni, kò sì sí ariwo nínú rẹ̀: gìtá náà mọ́ gaara, ó ń lọ bí omi òwúrọ̀ lórí òkúta, ó ń dá ohùn sílẹ̀ kí ó tó mú òmíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo gbọ́ ọ láti inú rédíò oníbátìrì kékeré, òjò sì ń kán sínú garawa lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé orin náà ti tán, pé garawa nìkan ló kù. Bí ti ọdún 1971 bá jẹ́ ẹ̀rù ọmọ, èyí ni ọmọ náà lẹ́yìn tí ara rẹ̀ balẹ̀.

Ara kò balẹ̀ fún un pẹ́ nínú ayé. Oògùn tí ìyá rẹ̀ sá fún ní Brooklyn bá a lẹ́nu iṣẹ́; ní 1974 ọ̀rọ̀ ìjà kan nínú ọkọ̀ òfuurufú gbé e dé ẹ̀wọ̀n, ọmọdékùnrin mìíràn, Michael Hampton, tí ó mọ Maggot Brain tà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, sì gba àyè rẹ̀. Bí orin Shakey Ground tí The Temptations fi gbajúmọ̀ ní 1975 bá ń dún ní òde ijó, mélòó nínú àwọn tó ń jó ló mọ̀ pé Hazel wà lára àwọn tó ṣẹ̀dá rẹ̀, pé gìtá rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́?

Àwo kan ṣoṣo ló ṣe ní orúkọ ara rẹ̀ kí ó tó kú, Game, Dames and Guitar Thangs, tí Warner Bros. gbé jáde ní 1977. Kò tà, ó sì di ohun àwátì fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò ní í sọ pé kò ní àbùkù. Clinton wà nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn orin kan sì jẹ́ aṣọ àlòkù tí wọ́n tún rán. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó fi orin ẹlòmíràn ṣe! I Want You (She's So Heavy), tí í ṣe orin The Beatles, ó gbà á, ó nà án kọjá ìṣẹ́jú 9, àwọn obìnrin ń kọrin bí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, gìtá sì ń yí wọn ká bí ẹni tó ń wá ẹnu ọ̀nà. California Dreamin', tí àwọn The Mamas and the Papas fi ṣàárò oòrùn nígbà òtútù, ló fi ṣí àwo náà, ó sì tà á pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni tí wọ́n ti gbàgbé láti bá wí.

Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀pẹ́ ọdún 1992, ní ẹni ọdún 42, Maggot Brain ni wọ́n sì lù níbi ìsìnkú rẹ̀. Ó yé mi pé kò sí orin mìíràn tí wọ́n lè mú. Ṣùgbọ́n ní ìparí àwo 1977 yẹn, California Dreamin' tún padà wá, kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ: gìtá náà wọlé, ó ń bá eré tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ bí ẹni pé kò dákẹ́ rí, wọ́n sì yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń ta á lọ.